Orin ìyá àgbà, orin ọmọọmọ: ta ló pa orin ìbílẹ̀ Vietnam?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Vietnam rí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Houston ni mo wà. Ará Vietnam ni ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ la sì jọ ń wọ mọ́tò kan náà lọ síbi iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ ní orin kan tó máa ń gbọ́ tó dà bíi pé ẹnì kan ń sunkún nínú rédíò. Òun fúnra rẹ̀, orin ìfẹ́ àtijọ́ ló fẹ́ràn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ráàpù Vietnam àti orin Kòríà ló wà létí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀rẹ́ mi yìí ní orin ìbílẹ̀ àwọn ti kú, àwọn ọ̀dọ́ ló pa á. Ọmọ náà ní irọ́ ni, kò kú, òun rí i nínú fídíò olórin òde òní kan tó wọ aṣọ àtijọ́, tí ohun èlò ìbílẹ̀ sì ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ta ló jàre?

* * *

Kò sẹ́ni tó jàre tán nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ bàbá ọmọ ló jẹ̀bi jù. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú rí.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Cần Thơ, ìlú ńlá kan ní gúúsù Vietnam, níbi tí odò Mekong ti ya ẹ̀ka rẹpẹtẹ kó tó wọ òkun. Yàrá òkè ni mo háyà lọ́dọ̀ ìyá opó kan tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin kan. Ìran mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá onílé á ti tan rédíò kékeré rẹ̀ nílé ìdáná, vọng cổ á sì máa dún bí omi ṣe ń hó. Orin tó dà bí ẹkún tí bàbá ọ̀rẹ́ yín ń gbọ́ nìyẹn, bí ìdílé náà bá jẹ́ ará gúúsù. Lọ́sàn-án, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ á máa kọ bolero, orin ìfẹ́ àtijọ́, lábẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tó bá dalẹ́, ọmọọmọ á ti ki nǹkan bọ etí, á máa mi orí.

Bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ka irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé ti ìyá àgbà ni ojúlówó, ti ìyá ọmọ ti lábùlà, ti ọmọ ti bàjẹ́ pátápátá. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ìgbà tí mo béèrè ọjọ́ orí vọng cổ ni ojú mi là.

Ní Bạc Liêu, ìlú kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí Cần Thơ, ọkùnrin olórin kan tó ń jẹ́ Cao Văn Lầu ṣe orin kan ní nǹkan bí ọdún 1919, ó pè é ní Dạ cổ hoài lang. Obìnrin kan ló gbọ́ ìlù lóru, tí ọkàn rẹ̀ fà sí ọkọ rẹ̀ tó rìnnà jìn. Ìlà 20 ni, lílù méjì sì ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn olórin gba orin yìí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gùn kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọ inú rẹ̀: lílù méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, ó di 16, ó di 32. Vọng cổ tí à ń gbọ́ lónìí, ìlà mẹ́fà ni, 32 sì ni lílù tó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní orin ìṣẹ̀ǹbáyé yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni. Bàbá tó bí ìyá onílé mi ti dáyé kí ó tó dáyé. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ló sì fà á gùn, kì í ṣe àwọn arúgbó.

* * *

Arákùnrin kan fèsì pé òun ò rí orin ìbílẹ̀ kankan nínú vọng cổ, torí òun wo fídíò rẹ̀, gìtá ló wà níbẹ̀. Ó ní ibi tí gìtá bá ti wọ̀, ti òyìnbó ni.

Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ládùúgbò wa ló kọ́kọ́ fi gìtá náà hàn mí. Ó nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Gìtá tí gbogbo ayé mọ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti gbẹ́ igi ọrùn rẹ̀. Láàárín irin kan sí èkejì, igi náà ti di kòtò, ó ń dán lọ́wọ́ bí inú ṣíbí igi tí wọ́n ti fi jẹun pẹ́. Mo tẹ okùn kan bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tẹ̀. Okùn náà rì sínú kòtò, ohùn rẹ̀ gòkè, ó gbọ̀n, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ghi-ta phím lõm ni wọ́n ń pè é. Láti bí ọdún 1930 sí 1940 ni wọ́n ti ń gbẹ́ gìtá bẹ́ẹ̀, torí pé gìtá bó ṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá kò lè yí ohùn bí ẹnu wọn ṣe ń yí i. Wọn ò ju gìtá nù, wọn ò sì gbà á bó ṣe wà. Wọ́n mú ọ̀bẹ.

Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Cải lương, eré orí ìtàgé àwọn ará gúúsù tí vọng cổ jẹ́ ọkàn rẹ̀, gba orin Faransé mọ́ra, ó gba ìtàn Ṣáínà mọ́ra. Ní 1964, Viễn Châu, ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé vọng cổ tó gbajúmọ̀ jù, lẹ orin ìgbàlódé mọ́ vọng cổ nínú orin kan ṣoṣo: ẹ kọ ẹsẹ orin tuntun, ẹ já sínú vọng cổ, ẹ tún padà. Tân cổ giao duyên ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn ni pé tuntun àti àtijọ́ di ọ̀rẹ́. Ìyá onílé mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé àdàlù ni. Orin ìgbà ọmọge rẹ̀ ni.

* * *

Ìbéèrè dáadáa nìyí látọ̀dọ̀ arábìnrin tó ní òun ti gbìyànjú láti gbọ́ vọng cổ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì rẹ òun: kí ló dé tó dà bí ẹkún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Yorùbá ló yẹ kó tètè yé jù nínú gbogbo ayé. Èdè olóhùn ni èdè wọn, bíi tiwa. Tiwa jẹ́ mẹ́ta. Tiwọn jẹ́ mẹ́fà ní Hà Nội. Ní gúúsù ibi tí mo gbé, wọ́n ti pa méjì pọ̀, ó ku márùn-ún. Ma ni iwin, má ni ìyá, mà ni "ṣùgbọ́n", mả ni sàréè, mã ni ẹṣin, mạ ni ọ̀gbìn ìrẹsì tí wọn ò tíì tún lọ́. Àwọn kan lára ohùn yẹn kì í dúró lójú kan: ọ̀kan ń tẹ̀ sílẹ̀ kó tó gòkè, òmíràn ń já lójijì bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun. Tí akọrin bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ẹni tó ń gbọ́, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀, kó yọ́, kó gbọ̀n. Ohun tí etí wa ń pè ní ẹkún nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ni. Bí a bá kọ orin Yorùbá tí "ọkọ̀" di "ọkọ" nínú rẹ̀, ṣé a ò ní bínú?

Ẹ gbọ́ èyí náà. Bí vọng cổ bá ń bẹ̀rẹ̀, akọrin á kọ́kọ́ máa lọ bó ṣe wù ú, á kó ọ̀rọ̀ jọ sókè, á dá ohùn dúró, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ló máa já sílẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kan tí ohùn rẹ̀ jẹ́ ti ìsàlẹ̀, tí ohun èlò gbogbo á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ́wọ́ á sọ. Àwọn èèyàn ò dúró kí orin parí kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Jíjábọ̀ yẹn ni wọ́n wá gbọ́. Ìyá onílé mi máa ń fi ìpadé ìka gbá orí tábìlì gẹ́lẹ́ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kọ ẹ̀yìn sí rédíò, tó ń họ ẹja.

Ọ̀rọ̀ ohùn èdè yìí gan-an ló fà á tí orin tuntun wọn fi ṣòro bí nígbà ayé Faransé. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ Vietnam sínú orin Faransé tó wà nínú àwo, ohùn orin ń gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ní 1938 ni Nguyễn Văn Tuyên bẹ̀rẹ̀ sí í lọ káàkiri láti kọ orin tuntun tó fúnra rẹ̀ ṣe lédè wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí orin ìgbàlódé wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bí 20 ọdún péré ló wà láàárín orin Bạc Liêu yẹn àti orin "òde òní" àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n.

Ráàpù tí ọmọ Houston yẹn ń gbọ́ ńkọ́? Ó bá èdè náà mu ju ọ̀pọ̀ orin ìfẹ́ lọ, torí pé ohùn ọ̀rọ̀ ló ń tẹ̀ lé. Mo ti rí ọmọ kíláàsì mi tó ń fi ohùn àtẹnudẹ́nu gún ọ̀rọ̀ débi pé ìyá àgbà rẹ̀ dúró gbọ́ ọ.

* * *

Ẹnì kan ní gbogbo eléyìí ò ju kóńkó-jabele lọ, pé ohun tó wu kálukú ni kálukú ń gbọ́, kò sí ẹni tó pa nǹkan kan.

Rárá o. Àwọn kan fi ọwọ́ ara wọn pa nǹkan ní orílẹ̀-èdè yẹn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ jáde. Bolero tí ọmọ ìyá onílé mi ń kọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, lára orin tí wọ́n ń pè ní nhạc vàng ló wà, orin aláwọ̀ òféfèé: orin ìfẹ́ àti ti ọmọ ogun tó ń rántí ilé, èyí tó gbilẹ̀ ní gúúsù kí ogun tó parí ní 1975. Orin ìjọba àríwá ni nhạc đỏ, orin pupa, ti ìjà òmìnira. Ní Hà Nội, wọ́n mú ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lộc Vàng ní 1968 torí orin ìfẹ́ tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún un ní 1971. Orin lásán. Lẹ́yìn 1975, wọ́n fòfin de nhạc vàng ní gúúsù náà. Aránṣọ wa sọ fún mi pé bàbá òun máa ń ti fèrèsé, á fi aṣọ bo ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, kí òun àti ẹ̀gbọ́n òun tó gbọ́ orin. Lábẹ́ aṣọ yẹn ló ti kọ́ gbogbo ohun tó ń kọ. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní 1986 ni wọ́n wá ń tú okùn náà díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó sá lọ sí òkè òkun gbé orin náà dání. Ilé iṣẹ́ Thúy Nga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò Paris By Night ní 1983 nílẹ̀ Faransé, ó wá kó lọ sí Kalifọ́níà, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ sì ń yọ́ wọ Vietnam padà. Orin ìfẹ́ àtijọ́ tí ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn ní Houston, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i pé ohun tí òun fúnra rẹ̀ kà sí ogún kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ náà? Síbẹ̀ bàbá rẹ̀ ò pè é ní apànìyàn. Kí ló wá dé tó fi ń pe ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀?

* * *

Mo fẹ́ yà díẹ̀. Ẹni tó ní "UNESCO ti gbà wọ́n là" ló mú mi rántí.

Lóòótọ́, àjọ UNESCO ti kọ orúkọ orin ìbílẹ̀ wọn púpọ̀ sínú ìwé ogún àṣà aráyé: orin ààfin Huế ní 2003, orin quan họ ti Bắc Ninh ní 2009, đờn ca tài tử ti gúúsù ní 2013. Ca trù, orin àtijọ́ àwọn ará àríwá, náà wọlé ní 2009, àmọ́ ìwé ti àwọn tó nílò ìtọ́jú kíákíá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nígbà ìsinmi kan mo wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Hà Nội, mo wá ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lọ. Ẹní la jókòó lé. Obìnrin kan ló ń kọrin, ojú rẹ̀ ò mì, ètè rẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ là, ó sì ń fi igi kéékèèké na pákó oparun kan tí wọ́n ń pè ní phách níwájú ara rẹ̀. Ọkùnrin kan ń ta đàn đáy, olókùn mẹ́ta tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn lékèélékèé. Ẹnì kẹta sì ni onílù. Onílù yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí. Kì í ṣe ará ẹgbẹ́ olórin. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, olùgbọ́ ni. Ẹni tó wá gbádùn orin ló ń mú ọ̀pá ìlù. Bí akọrin bá ṣe ohun tó dùn, á lu awọ, á dún tom. Á lu etí ìlù, á dún chát. Bó ṣe ń yin akọrin nìyẹn, gbogbo ilé á sì gbọ́ bóyá ó mọ ohun tó ń yìn tàbí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lù ú níbi tí kò yẹ, ojú á tì í.

Kí 1945 tó dé, ilé ca trù kún òpópónà Khâm Thiên ní Hà Nội, ọtí àti oògùn sì wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ìjọba tuntun dé, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ilé ọtí jẹ orin níyà. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ ọ́n kọ panu mọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, àwọn ọmọ wọn ò mọ̀ pé akọrin ni ìyá àwọn. Ní 1976 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Trần Văn Khê, tó ń gbé ní Faransé, gba ohùn Quách Thị Hồ sílẹ̀, ó sì jẹ́ kí ayé gbọ́ ọ. Ìyá náà gbé ayé títí di 2001, àwọn kan sì kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Akọrin tún wà báyìí, àwọn ọ̀dọ́ wà nínú wọn, wọ́n dára.

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwa bí ogún la jókòó, kò sí ẹnì kan nínú wa tó lè mú ọ̀pá ìlù yẹn. Àwọn olórin ló yan ẹnì kan láàárín ara wọn kó máa ṣe olùgbọ́. Ó dùn mí wọ egungun. Olórin wà, ohun èlò wà, ìwé UNESCO wà. Etí ni kò sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní àwọn ọ̀dọ́ pa orin ìbílẹ̀. Ta ló kọ́ wọn ní gbígbọ́?

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá òótọ́ ni pé ariwo orin pọ̀ ládùúgbò wọn: bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Loa kẹo kéo ni wọ́n ń pè é, sípíkà onítáyà tí wọ́n ń wọ́ kiri. Orúkọ yẹn wá látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta súìtì fífà, tí wọ́n ń kọrin kiri kí ọjà lè tà. Báyìí ó ti wọ gbogbo àdúgbò fún karaoke. Aládùúgbò wa kan máa ń tan tiẹ̀ láti ọ̀sán Sátidé di òru, mo sì ti fi òwú dí etí sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ó le débi pé ìjọba Ìlú Hồ Chí Minh gbógun ti ariwo yìí ní 2021. Àmọ́ ẹ má fi í kún ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọ̀dọ́. Níbi tí mo gbé, àwọn àgbà ọkùnrin ló ń kígbe bolero sínú máíkì yẹn. Àwọn ọmọ wọn ló ń sá wọlé.

* * *

Ká padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà àti fídíò rẹ̀. Àwọn tó fèsì ti pín sí méjì: àwọn kan ní kíkó ohun èlò ìbílẹ̀ sínú orin ìgbàlódé ni yóò gbà á là, àwọn kan ní aṣọ lásán ni wọ́n wọ̀ fún un.

Mo rò pé ó yẹ ká máa wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hoàng Thùy Linh gbé Để Mị nói cho mà nghe jáde ní 2019, aṣọ àti ohùn àwọn ará òkè ńlá àríwá kún inú rẹ̀. Ó dùn, mo jó o. Àmọ́ ẹ yọ aṣọ kúrò, orin ijó náà á ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá wo Trống cơm tí wọ́n ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2024. Orin àwọn ará àríwá tí gbogbo ọmọ ilé ìwé mọ̀ ni, orúkọ rẹ̀ sì wá láti ara ìlù kan tí wọ́n máa ń lẹ ìrẹsì jíjinná mọ́ lójú kí ohùn rẹ̀ lè bọ́ sípò. Soobin tó jẹ́ olórin ìgbàlódé àti Cường Seven tó jẹ́ oníjó wà níbẹ̀, Tự Long sì wà láàárín wọn, ẹni tí chèo, eré orí ìtàgé ìbílẹ̀ àwọn ará àríwá, jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Èyí ni mo fẹ́. Ọ̀gá wà lójú agbo. Bí ọmọdé bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹni tó mọ̀ ọ́n ń bẹ níwájú rẹ̀. Ohun kan náà ló mú mi fẹ́ràn Bắc Bling tí Hòa Minzy gbé jáde ní 2025 nípa ìlú rẹ̀ Bắc Ninh: ó pe Xuân Hinh, àgbà eléré chèo ọmọ ìlú kan náà, wá sínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ Bắc Bling kò tíì gbọ́ quan họ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Quan họ ojúlówó ò ní ohun èlò kankan. Obìnrin méjì kọ ọ́ pa pọ̀, ohùn wọn gbọ́dọ̀ wọra bíi ti ẹnì kan. Ọkùnrin méjì láti abúlé mìíràn á dá wọn lóhùn pẹ̀lú orin tó bá tiwọn mu. Ewé trầu àti èso cau ni wọ́n fi ń gba àlejò, bí àwa ṣe ń gbé obì kalẹ̀. Abúlé tó bá bá abúlé mìíràn mulẹ̀ nínú orin, àwọn ọmọ wọn kì í fẹ́ra wọn, torí wọ́n ti di ìyekan. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní wọn, níbi ọdún Lim, gbogbo rẹ̀ ń di gbangba. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti dé ibẹ̀, dùùrù ti dé, akọrin kan á sì máa bá èkejì ja àjàgbó láti orí òkè kan náà. Àríyànjiyàn ńlá tún ni pé àwọn akọrin kan ń yí fìlà ńlá wọn sókè kí àwọn èèyàn ju owó sí i, tí àwọn tó ń ṣètò sì fòfin dè é. Àwa tí à ń náwó fún olórin lójú agbo lè má rí ohun tó burú níbẹ̀, èmi náà kọ́kọ́ jà fún wọn. Ọkùnrin ará Bắc Ninh kan tá a jọ ń kọ́ni ló yí mi lérò padà. Ó ní ẹni tó bá ju owó sínú fìlà kò ní láti fèsì. Quan họ ò sì lè wà láìsí èsì.

* * *

Wọ́n ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé kí wá ni ṣíṣe fún ọ̀rẹ́ tó wà ní Houston. Ẹ jẹ́ n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa dáhùn.

Ọjọ́ giỗ ọkọ ìyá onílé mi ni, ọjọ́ ìrántí òkú tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú àwòrán rẹ̀, wọ́n tan tùràrí, ẹbí àti ará àdúgbò sì jẹun yó. Wọ́n ní kí ìyá kọrin. Ọmọọmọ rẹ̀, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, fẹ́ ṣe ìyá àgbà rẹ̀ lóore. Ó wá vọng cổ aláìlóhùn lórí YouTube, ó so fóònù mọ́ sípíkà, ó gbé máíkì fún un. Ìyá bẹ̀rẹ̀. Ó kó ọ̀rọ̀ jọ, ó dá ohùn dúró bó ṣe máa ń ṣe, ó fẹ́ já. Ẹ̀rọ náà ti já kó tó já. Ó tún un ṣe, ẹ̀rọ tún kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé obìnrin yìí ń rántí ọkọ rẹ̀, kò lè dúró dè é. Ó gbé máíkì kalẹ̀, ó ní ọ̀fun òun ń dùn òun.

Ọkùnrin aṣàtúnṣe ọ̀kadà dìde, ó lọ mú gìtá gbígbẹ́ rẹ̀ wá. Ó bọ́ bàtà, ó gbé song lang sábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, àgógó igi kékeré tí kò ju ọwọ́ lọ, tó ń dún "kọ́" tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Kò wo ibòmíràn ju ẹnu ìyá lọ. Ìyá kó ọ̀rọ̀ jọ, ó dúró, ó dúró gan-an, gìtá náà ń rá pálá lábẹ́ rẹ̀, kò kánjú. Ó já. Kọ́. Ilé pariwo.

Ọmọkùnrin yẹn ò pariwo. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ló ń wò. Nígbà tí ìlà kejì fẹ́ parí, mo rí i tó ń fi ìka ka lílù lórí itan rẹ̀, ó sì ṣì í kà. Lẹ́yìn orin ó béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀. Ọkùnrin náà ní kó má kà á, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀. Ó ti song lang sí i lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìyá tún orin bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ yá jù. Ìyá dúró, ó fi ọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pada sẹ́yìn lálẹ́ yẹn, ìyá ò sì sọ pé ọ̀fun ń dùn òun mọ́.

Ọmọ náà ṣì ń gbọ́ ráàpù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó má gbọ́ ọ.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín kó má bá ọmọ rẹ̀ jà mọ́. Kó pe ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà lọ́jọ́ Sunday kan, kí wọ́n tan vọng cổ ẹyọ kan péré, kí bàbá máa fi ọwọ́ gbá tábìlì níbi tí ìlà bá ti balẹ̀, kí ọmọ náà sì gbìyànjú láti gbá a pẹ̀lú rẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ yín náà gbìyànjú, torí ó jọ pé òun náà ò mọ ibi tó ń balẹ̀ sí. Ẹ padà wá sọ bó ṣe lọ. Ẹ ò sì sọ fún wa: bàbá yẹn ti tó ẹni ọdún mélòó báyìí?